Ta Ló Ni Fáìlì Yìí? Ohun Tí Ìgbéga Linux Ti Kọ́ Mi

Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti kú láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, mo sì ti ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé n ó ra òmíràn. Nítorí náà, bí iná ṣe lọ ni ojú kọ̀ǹpútà náà ṣókùnkùn. Ohun tó mú kí àyà mi já ni pé pacman, ètò tó ń bójú tó gbogbo ohun tí a bá gbé sórí Arch Linux (ọ̀kan nínú oríṣi Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà), wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ti parí ìgbéga ètò 142 nínú 310, ó sì ń tú ti 143, tí í ṣe libreoffice-fresh, ètò iṣẹ́ ọ́fíìsì, sórí dísìkì nígbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́.

N kò lọ tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ti ṣe irú àṣìṣe tí n ó ròyìn láìpẹ́ mọ̀ pé ó sàn kí òun lọ sùn ju kí òun fi ìbínú àti oorun tún ohun tó bàjẹ́ ṣe lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò lo Linux rí, ètò kì í dá rìn lórí rẹ̀. Inú ohun tí a ń pè ní package ni a máa ń dì í sí, ìyẹn ẹrù kan tó kó gbogbo fáìlì ètò náà pọ̀ pẹ̀lú ìwé tó ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò máa gbé. Alábòójútó package, ì báà jẹ́ pacman lórí Arch, dpkg lórí Debian àti Ubuntu, tàbí rpm lórí Fedora, ní àkọsílẹ̀ kan tó ń sọ pé fáìlì báyìí, package báyìí ló ni ín. Nígbà ìgbéga, kí pacman tó gbé fáìlì tuntun kan kalẹ̀, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan ti wà lójú ibẹ̀. Bí ohun tó bá níbẹ̀ bá jẹ́ ti package tó fẹ́ gbé ga gan-an, kò sí wàhálà, yóò fi tuntun rọ́pò àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti package mìíràn, tàbí tí àkọsílẹ̀ kò mọ ẹni tó ni ín rárá, yóò dúró gbọn-in, kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun títí a ó fi bá a yanjú rẹ̀. Ìforígbárí fáìlì nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rin àdúgbò kan já ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó yóò ti rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ohun tó ń fa àkọlé bẹ́ẹ̀ ni pé ilẹ̀ kan ṣoṣo lè ní onílẹ̀ méjì, kí àwọn méjèèjì sì ní ìwé lọ́wọ́. Ojú tí mo fi ń wo ìforígbárí fáìlì báyìí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́. Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ẹnì kan gbẹ́ ìpìlẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i bẹ́ẹ̀, ó sì ná mi ní nǹkan.

Ní ọdún 2021, mo kọ ìwé àṣẹ kékeré kan (script) tó máa ń da àkọsílẹ̀ owó ọ́fíìsì wa kọ sórí dísìkì ìta ní alaalẹ́. Ìlà mẹ́rìnlélógún péré ni. Mo sọ ọ́ ní orúkọ onílẹ́tà mẹ́ta, mo sì gbé e sínú /usr/bin, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rí gbogbo àṣẹ yòókù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, package tuntun kan dé pẹ̀lú àṣẹ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, pacman sì dúró, ó ní "exists in filesystem", fáìlì yìí ti wà lórí dísìkì. Mo ń kánjú lọ síbì kan. Mo sì ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan rí pé bí ó bá ti kọ irú èyí, kí n kàn fi --overwrite '*' kún àṣẹ náà. Ìràwọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé kí ó gbé tirẹ̀ lé ohunkóhun tó bá bá lọ́nà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó kọjá wẹ́rẹ́, inú mi sì dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni akọ̀wé owó wa, àgbà obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, pè mí pé, "Jọ̀wọ́, bá mi wá ìwé ti ọjọ́ kẹrìnlá jáde níbi tí o ń kó wọn pamọ́ sí, mo ti ṣèèṣì pa èyí tó wà lọ́wọ́ mi rẹ́." Mo ṣí dísìkì ìta náà. Èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní alaalẹ́ ni cron, ètò tó ń pe àṣẹ ní àsìkò tí a bá dá fún un, ń pe orúkọ onílẹ́tà mẹ́ta yẹn, ẹlòmíràn ni ó sì ń dá a lóhùn. Yóò sọ pé wọn kò fún òun ní iṣẹ́ tó yé òun, yóò sì padà lọ sùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni èmi àti Màmá fi jókòó ti rìsíìtì, tí a ń tún nọ́ńbà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá mi wí. Ó kàn béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò ti kọ́kọ́ sọ fún ẹ ni?"

Ó ti sọ fún mi.

Ẹ̀bi mi jẹ́ oríṣi méjì. Àkọ́kọ́, mo kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀: /usr/bin jẹ́ ti alábòójútó package, ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni /usr/local/bin, package tí a dì fún Arch tàbí Debian kì í sì í fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Èkejì ni ìràwọ̀ náà. Nínú gbogbo fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, èyí tí pacman ní kí n dáwọ́ dúró lé lórí nìkan ni kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn láyé.

Àwọn tó ti ń lo Arch ṣáájú mi mọ ìtàn tó ju tèmi lọ. Ní ọdún 2012, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ fódà /lib di atọ́ka lásán tó ń júwe /usr/lib, package glibc dúró lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ní /lib ti wà níbẹ̀. Ìkéde tí àwọn olùtọ́jú Arch gbé jáde sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo --force, tí í ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń fipá gbé package wọlé nígbà náà. Àwọn tó kọ etí ikún sí i bá ara wọn níwájú kọ̀ǹpútà tí àṣẹ kankan kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́, títí kan ls tó ń to orúkọ fáìlì, nítorí pé inú glibc ni gbogbo ètò yòókù ti ń mí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, irú rẹ̀ tún wáyé nígbà tí wọ́n kó ohun tó wà nínú /bin àti /sbin lọ sínú /usr/bin. Nígbà tí pacman 5.1 dé ní 2018, wọ́n ti fi --overwrite rọ́pò --force, ó sì di dandan kí ènìyàn dárúkọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan lé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko; ẹni tó bá wá fi ìràwọ̀ dáhùn níbi tí wọ́n ti ní kí ó dárúkọ, --force àtijọ́ náà ló tún hú jáde.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ iná tó lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n mú un dé, kọ̀ǹpútà náà tàn, nítorí pé ìgbéga náà kò tíì kan kernel, tí í ṣe ọkàn Linux. Mo tún tẹ pacman -Syu, àṣẹ tó ń gbé gbogbo package ga. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni "unable to lock database", òun kò lè ti ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ mọ́ra. Fáìlì kan tó ń jẹ́ /var/lib/pacman/db.lck ni pacman máa ń fi sílẹ̀ bí àmì pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni tó fi fìlà sórí àga kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀. Iná ti gbé oní-fìlà lọ, fìlà ṣì wà lórí àga. Mo fi ps wò ó dáadáa pé kò sí pacman mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ níbikíbi, kí n tó pa fáìlì náà rẹ́.

Àwọn package tó kù wọlé láìsí wàhálà, àmọ́ ìlà kan ń yọjú léraléra láàárín wọn, pé a kò lè ṣí fáìlì desc ti libreoffice-fresh nínú /var/lib/pacman/local. Mo wọ inú fódà náà lọ. Ó yẹ kí n bá fáìlì àkọsílẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀: desc, files àti mtree. Mtree nìkan ni mo bá. Ìgbà yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ tó yé mi. Bí pacman bá fẹ́ gbé package kan ga, ó máa ń kọ́kọ́ yọ ti àtijọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, yóò wá tú fáìlì tuntun sílẹ̀, ìgbẹ̀yìn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ tuntun parí. Ẹnu fáìlì títú ni ó wà nígbà tí iná lọ. Ilé ti dúró, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ orúkọ onílé sínú ìwé.

Mo tẹ pacman -S libreoffice-fresh, mo ní kí ó tún package náà gbé wọlé. Ìlà tó tú jáde kò lóǹkà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń parí sí:

libreoffice-fresh: /usr/lib/libreoffice/program/soffice.bin exists in filesystem

Ẹni tí mo jẹ́ ní 2021 ì bá ti fi ìràwọ̀ dá a lóhùn. Mo mú ìlà kan nínú wọn, mo sì bi pacman fúnra rẹ̀ léèrè pé, ta ló ni eléyìí? Àṣẹ pacman -Qo ni a fi ń béèrè. Ó dáhùn pé "No package owns", kò sí package tó ni ín. Mo tún mú mẹ́fà míràn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjì nínú /usr/bin, méjì nínú /usr/share, méjì nínú ìsàlẹ̀ pátápátá fódà LibreOffice, ìdáhùn kan náà ni mo gbà. Síbẹ̀, pé fáìlì kò ní oní nínú àkọsílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Ìwé àṣẹ mi ọjọ́sí náà kò ní oní. Nítorí náà, mo fi ls -lc wo ìgbà tí wọ́n dé orí dísìkì, èyí tó yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe fáìlì náà níbi tí wọ́n ti dì í. Gbogbo wọn ń sọ 22:53, alẹ́ àná. Ìṣẹ́jú tí iná lọ gan-an nìyẹn. Kò tún sí iyèméjì mọ́ pé ọmọ package kan náà ni wọ́n, tí ìyá wọn kò ráyè forúkọ wọn sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó lo --overwrite, mo sì dárúkọ ibi tí ó lè dé: '/usr/lib/libreoffice/*', àti àwọn àṣẹ mélòó kan nínú /usr/bin ní orúkọ-orúkọ, àti àwọn tó wà nínú /usr/share. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀, nítorí pé ibì kan wà tí n kò dárúkọ. Mo yẹ ibẹ̀ náà wò, mo fi kún un. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ṣe ohun tí ìràwọ̀ ì bá ti ṣe kí n tó pajú dé. Package náà ti wà nínú /var/cache/pacman/pkg láti alẹ́ àná, kò sí dátà tí mo tún ná, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìparí oṣù.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí, èmi náà ì bá sì dúró bí kì í bá ṣe pé ldconfig ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé fáìlì kan ṣófo, òun kò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iná bá lọ lójijì, ohun tí pacman gbà pé òun ti kọ lè má tíì dé orí dísìkì tán. Mo tẹ pacman -Qkk, èyí tó máa ń fi fáìlì kọ̀ọ̀kan wé ìwọ̀n tó wà fún un nínú mtree. Package mẹ́rin ló ní fáìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá àkọsílẹ̀ mu, méjì nínú àwọn fáìlì náà sì jẹ́ òfìfo pátápátá. Mo tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé wọlé láti inú ibi ìpamọ́ kan náà. Àwọn wọ̀nyí kò dá ìforígbárí kankan sílẹ̀, nítorí pé orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀. Òkú ni wọ́n, ìwé wọn ló pé.

Iná tó lọ kọ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìforígbárí tí mo ti rí, ọwọ́ ara mi ni. Láyé ọjọ́un, bí mo bá nílò nǹkan fún Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, sudo pip install ni mo máa ń tẹ̀, pip, tó ń gbé nǹkan wọlé fún Python, yóò sì kó fáìlì rẹ̀ sínú fódà tó jẹ́ ti pacman láìsọ fún un. Lọ́jọ́ tí package kan bá wá béèrè fún ohun kan náà láti inú àká Arch, ibi tí pacman ti ń gba package wá, ogun dé nìyẹn. Ojútùú rẹ̀ ni kí pip kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde pẹ̀lú pip uninstall, kí pacman tó gbé tirẹ̀ wọlé. Láti 2023, nítorí òfin tí wọ́n ń pè ní PEP 668, Arch àti Debian 12 kì í jẹ́ kí pip ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. "Externally-managed-environment" ni yóò kọ sí ọ lójú, yóò ní kí o lọ fi venv dá àyè tìrẹ sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ń bú òfin náà. Ní tèmi, ó pẹ́ kó tó dé.

Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò bí ọmọ tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2020, bí ọ̀rọ̀ hplip, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP ṣiṣẹ́, ṣe rí nìyẹn: Python ti ṣẹ̀dá àwọn fáìlì .pyc sínú fódà rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń lò ó, package 3.20.3-2 wá dé pẹ̀lú .pyc tirẹ̀. Àwọn olùtọ́jú Arch fúnra wọn ló kéde pé kí a lo --overwrite, ṣùgbọ́n fún inú /usr/share/hplip nìkan. N kò kórìíra --overwrite. Èyí tí a fi ààlà sí ni mo fẹ́.

Orí sáfà ọ́fíìsì wa ni mo ti kọ́ bí a ti ń ṣe é nígbà tí ìdáhùn ìbéèrè náà bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ubuntu 20.04 ló wà lórí rẹ̀, mo sì gbé e ga sí 22.04 ní ọjọ́ Sátidé kan. Àṣẹ do-release-upgrade máa ń ti ìlẹ̀kùn gbogbo àká tí kì í ṣe ti Ubuntu kí ó tó bẹ̀rẹ̀, èyí sì bójú mu. Nígbà tó parí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ètò tí òun ń kọ nílò Node.js 18, ohun tó ń mú ètò JavaScript ṣiṣẹ́, ẹ̀dà 12.22.9 sì ni Ubuntu 22.04 ní. A ṣí àká ìta kan, a tẹ apt install nodejs (apt ló ń gba package wálẹ̀ fún dpkg), dpkg sì dúró:

trying to overwrite '/usr/include/node/common.gypi', which is also in package libnode-dev 12.22.9~dfsg-1ubuntu3

Ó yí sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn fi --force-overwrite sí i. Mo ti rí i níbì kan."

"Ka ìlà yẹn fún mi ná. Ta ló ni fáìlì náà?"

"libnode-dev ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Kí ni libnode-dev wá ń ṣe lórí sáfà wa?"

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Mi ò mọ̀, sà."

Èmi náà kò mọ̀. Lọ́dọ̀ Debian àti àwọn tó jáde lára rẹ̀, bí fáìlì kan bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ package kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, ẹni tó di package tuntun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú rẹ̀, lábẹ́ Breaks àti Replaces, pé òun ti gba fáìlì lọ́wọ́ lágbájá, àti ẹ̀dà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí bá jókòó kí wọ́n tó pín ogún. Ẹni tó wá láti àká ìta kò jókòó sí ìpàdé ẹbí yẹn. Ó di ẹrù rẹ̀ bó ṣe wù ú, kò sì sọ ohunkóhun nípa libnode-dev. Bí a bá fipá ṣe é, dpkg yóò gbà, kò ní ṣàìgbà. Ṣùgbọ́n fáìlì Node 18 yóò wà nínú fódà tí libnode-dev gbà pé ẹ̀dà 12 ni, ọjọ́ tí a bá sì yọ nodejs kúrò, fáìlì náà yóò bá a lọ, kí libnode-dev ṣì máa sọ pé òun ní i lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í kọ́ nǹkan lọ́jọ́ náà yóò jìyà ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo ní kí ó tẹ apt -s remove libnode-dev. Lẹ́tà s yẹn ń sọ fún apt pé kí ó kàn ròyìn ohun tí yóò ṣe, kí ó má tíì ṣe é. Ó ròyìn pé òun yóò kó node-gyp àti npm, tó ń gbé ohun èlò Node wọlé, lọ pẹ̀lú. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí npm, ojú rẹ̀ yí padà, nítorí pé òun ló ń fi npm jẹun. A fi dpkg -c wo inú package ìta náà tó ti wà nínú /var/cache/apt/archives, a rí i pé ó gbé npm tirẹ̀ dání. Ìgbà náà ni a yọ libnode-dev, a tún tẹ apt install nodejs, gbogbo rẹ̀ sì wọlé ní ìrọ̀rùn.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìwà dpkg kò rí bí ti pacman. Bí fáìlì kan kò bá ní oní nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, dpkg kì í béèrè ohunkóhun. Yóò gbé tirẹ̀ lé e lórí, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ká ní orí Debian ni ìwé àṣẹ mi ti 2021 wà ni, ìdáhùn ìbéèrè Màmá ì bá jẹ́ rárá, kò sọ fún mi. Bákan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, dpkg ka ohun tó wà ní /lib àti ohun tó wà ní /usr/lib sí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí lórí dísìkì, nítorí náà package méjì lè forí gbárí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ariwo. Ibi tí dpkg ti máa ń béèrè dáadáa ni inú /etc. Bí o bá ti fọwọ́ kan fáìlì tó ń darí ètò kan, tí package tuntun sì mú òmíràn wá, yóò ní kí o yàn: Y láti gba tuntun, N láti dá tìrẹ sí, D láti rí ìyàtọ̀ wọn. Mo ti fi oorun tẹ Y rí ní aago méjì òru, nginx, ètò tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde, sì gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Ohun tó yọ mí ni pé dpkg kì í sọ ti àtijọ́ nù; ó ti fi í pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrù .dpkg-old. D ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ báyìí, kódà bí mo bá rò pé mo ti mọ ìdáhùn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, pacman tún dúró níwájú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà mẹ́rin péré ni, èyí àkọ́kọ́ sì kà báyìí:

linux-firmware-nvidia: /usr/lib/firmware/nvidia/ad103 exists in filesystem

Àwọn mẹ́ta yòókù sọ ohun kan náà nípa ad104, ad106 àti ad107. Mo béèrè ẹni tó ni wọ́n. linux-firmware ni, ìyẹn package ńlá tó kó ètò kéékèèké tí àwọn ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà ń lò pọ̀, tí linux-firmware-nvidia ti ara rẹ̀ jáde. Bàbá àti ọmọ ló ń jà sí ilẹ̀ kan náà, n kò sì rí irú rẹ̀ rí. Kí n tó ronú kan àṣẹ kankan, mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ Arch, ọ̀rọ̀ náà sì wà lókè pátápátá. Wọ́n ti pín linux-firmware sí wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àsìkò kan náà ni ètò àwọn atọ́ka inú fódà NVIDIA sì yí padà láti orísun rẹ̀, pacman kò sì lè dá yanjú irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ìkéde náà ní kí a yọ bàbá kúrò pẹ̀lú pacman -Rdd linux-firmware, èyí tó ń yọ package láìwo ẹni tó gbára lé e, kí a sì tẹ pacman -Syu linux-firmware lẹ́yìn rẹ̀.

Àárín àṣẹ méjì yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Inú linux-firmware ni ohun tó ń jẹ́ kí wáyáléèsì kọ̀ǹpútà mi ṣiṣẹ́ wà. Bí ohun kan bá pa á lẹ́yìn àṣẹ àkọ́kọ́, yóò tàn padà láìmọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rántí pé ẹ̀yìn tí pacman bá ti gba gbogbo package wálẹ̀ tán ló máa ń yẹ ìforígbárí wò, nítorí náà ohun tí mo nílò ti wà nílẹ̀. Mo fi ls wò ó nínú ibi ìpamọ́, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bátìrì tuntun ti wà nínú kọ̀ǹpútà mi nígbà náà, ó sì kún dẹ́múdẹ́mú. Mo tẹ àṣẹ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Iná lọ ní bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣì kù tí n kò rí ojútùú rẹ̀. Fáìlì .so kan, irú èyí tí àwọn ètò máa ń pín lò, wà tó forí gbárí pẹ̀lú package kan ní ọdún tó kọjá. pacman ní òun kò mọ ẹni tó ni ín, ls -lc ní ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà níbẹ̀, pip kò mọ̀ ọ́n, èmi náà kò sì rántí pé mo gbé e síbẹ̀. Mo fi mv gbé e sínú fódà kan nínú /root tí mo sọ ní alainini, kí package náà lè ráyè wọlé. Láti ìgbà náà, kò sí ètò kankan tó ké sí i, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tẹ rm, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, síwájú orúkọ rẹ̀, tí mo sì fà á padà kí n tó tẹ Enter.